Owó Ni Kí Wọ́n Dá Padà, Kì í Ṣe Ìwé Ìlérí

Bí ènìyàn bá san owó àpò ìrẹsì kan fún oníṣòwò ní ọjà Bódìjà, tí ọkọ̀ tí ó ń kó ìrẹsì bọ̀ kò sì dé, ohun méjì péré ni oníṣòwò náà lè ṣe tí a ó fi pè é ní ọmọlúwàbí. Ó lè bẹ oníbàárà rẹ̀ pé kí ó ní sùúrù. Bí oníbàárà bá gbà, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá gbà, kí ó ka owó rẹ̀ fún un. Ohun tí kò sí nínú ọjà wa ni pé kí oníṣòwò di owó mú, kí ó fún ni ní ìwé pélébé kan, kí ó sì wí pé, "Máa mú èyí lọ. Bí ìrẹsì bá dé láàárín ọdún kan, kí o padà wá. Iye tí mo bá ń tà á nígbà náà ni o ó fi rà á." Gbogbo ọjà ni yóò dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ṣe fún àwọn èrò wọn ní ọdún 2020 gan-an nìyẹn, àwọn ẹlòmíràn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa kò tíì gbàgbé ọdún náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, ìjọba Nàìjíríà ti pápá bàálù Ìkẹjà àti ti Àbújá mọ́ àwọn bàálù tí ń ti òkè òkun bọ̀, àfi èyí tí ọ̀ràn pàjáwìrì bá gbé wá. Ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i padà. Lóòótọ́, ìyà jẹ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù. Ẹgbẹ́ wọn ní àgbáyé, tí à ń pè ní IATA, ṣírò rẹ̀ nígbà náà pé owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn yóò ní láti dá padà lè tó bílíọ̀nù 35 dọ́là. Owó náà kò sí nílẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fi ra epo, wọ́n sì ti fi san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé fáúṣà jáde, èyíinì ni ìwé tí ó ń sọ pé ẹni tí ó ni ín ní owó báyìí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kò lè ná an sí ibòmíràn ju ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà lọ.

N kò wí pé fáúṣà burú fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ̀ dájú pé òun yóò rin ìrìn-àjò náà láìpẹ́, bí ó bá fẹ́, kí ó gbà á. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa ni pé ẹni tí ó gba fáúṣà ti yá ilé-iṣẹ́ bàálù ní owó, láìgba èlé, láìrí onígbọ̀wọ́. Ìfẹ́ inú ni a fi ń yá ènìyàn lówó. Bí kò bá ti inú wa wá, orúkọ mìíràn ni ó ń jẹ́.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Òfin kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 261, ti ọdún 2004. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọdún 2020; nígbà tí wọ́n sì yọ ara wọn kúrò, wọ́n gbé e wọ inú òfin tiwọn. Òfin yìí kan gbogbo bàálù tí ó bá gbéra ní ilẹ̀ wọn, ti ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́. Ó sì kan bàálù àwọn ilé-iṣẹ́ tiwọn tí ó bá gbéra níhìn-ín tí ó ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fẹ́ wọ bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Ìkẹjà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fi wà lábẹ́ ààbò rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú.

Òfin náà wí pé bí ilé-iṣẹ́ bá fagi lé ìrìn-àjò, èrò ni yóò yàn: kí wọ́n gbé e lọ ní ọ̀nà mìíràn, tàbí kí wọ́n dá owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 7. Ó tún wí pé owó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ owó lọ́wọ́, tàbí kí ó wọ inú àkáǹtì ní báǹkì, tàbí kí ó jẹ́ ìwé sọ̀wédowó. Ìgbà kan ṣoṣo tí fáúṣà lè dípò owó ni ìgbà tí èrò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lùwé pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Ìbuwọ́lùwé yìí ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá sí i, fáúṣà kò san gbèsè.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi àjàkálẹ̀ àrùn dá yín lóhùn. Owó méjì ni ó wà nínú òfin náà, àwọn ènìyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni owó gbà-má-bínú tí ilé-iṣẹ́ ń san fún ìnira tí ó kó bá èrò. Bí ohun tí ó ju agbára wọn lọ bá ṣẹlẹ̀, bí irú àrùn Kòrónà yìí, wọn kò ní san èyí. Èkejì ni owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ọwọ́ ara yín san. Kò sí àrùn tí ó sọ ìyẹn di tiwọn.

Àwọn ìjọba kan gbìyànjú láti yí i padà. Ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2020, ìjọba 12 ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí ilẹ̀ Faransé àti Họ́lándì wà nínú wọn, bẹ ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àbójútó òfin náà pé kí wọ́n jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ bàálù máa fún èrò ní fáúṣà dípò owó. Ìgbìmọ̀ náà kọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún wọ́n kéde pé kí ilé-iṣẹ́ ṣe fáúṣà tí yóò wu ènìyàn láti gbà, kí ó lò tó oṣù 12 ó kéré tán, kí ààbò sì wà lórí rẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ bá wó. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ sí owó kò yẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìrìnnà kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2020 pé àrùn kò mú gbèsè èrò kúrò lọ́rùn wọn. Ọ̀pọ̀ kò gbọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba náà kéde pé ilé-iṣẹ́ bàálù 6 ti dá owó tí ó ju mílíọ̀nù 600 dọ́là lọ padà fún àwọn èrò, a sì bu owó ìtanràn lé wọn. Frontier nìkan dá mílíọ̀nù 222 padà. Ọdún méjì ààbọ̀ ni àwọn kan fi dúró, ṣùgbọ́n owó dé.

Níhìn-ín, NCAA, àjọ tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, ní òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ èrò. Ó wà ní apá 19 nínú ìwé òfin wọn ti ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2023. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn tí ń gbọ́ ẹjọ́ èrò wà ní pápá bàálù. Àjọ FCCPC náà wà, tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀ láti gbèjà gbogbo ẹni tí ó bá ra ọjà tàbí iṣẹ́.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Èmi tí mo ń kọ èyí, olùkọ́ ni mí. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni ni láti mú ọmọ ka ohun tí a kọ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó rò pé a kọ. N kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yẹn yóò wúlò níta kíláàsì títí di ìgbà Kòrónà.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ń ta èlùbọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò bímọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ìyá sì ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ó lé ní 300,000 náírà fún àjẹ́ǹtì kan láti lọ bá a wẹ ọmọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní títì, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Tíṣà," ni ó wí, "ọmọ mi ní wọ́n ti kọ̀wé sórí fóònù òun pé bàálù mi kò lọ mọ́. Wọ́n ní kí á tẹ ibì kan kí wọ́n lè fún wa ní fáúṣà. Ṣé kí ó tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ní kí wọ́n má tíì tẹ nǹkan kan. Kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí n kà á."

Nígbà tí mo kà á, mo rí i pé ọ̀rọ̀ "gba fáúṣà" wà nínú àpótí aláwọ̀ ewé ńlá kan láàárín ìwé. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tí ó bá ń fẹ́ nǹkan mìíràn lè pe nọ́ńbà kan. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti wí pé a gbọ́dọ̀ gba fáúṣà. Wọ́n wí pé a lè gbà á. Ọmọ kíláàsì mẹ́rin mọ̀ pé "lè" kì í ṣe "gbọ́dọ̀".

Ọmọbìnrin náà pe nọ́ńbà náà láti Lọ́ńdọ̀nù, orin ni ẹ̀rọ ń kọ sí i létí. Nítorí náà mo bá wọn kọ̀wé. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé fáúṣà ni ìlànà ilé-iṣẹ́ ní àkókò yìí. A dá a lóhùn pé ìlànà ilé-iṣẹ́ kò ju òfin lọ, a sì sọ nọ́ńbà òfin náà. Ìdáhùn kejì ni pé kí á lọ bá àjẹ́ǹtì. Àjẹ́ǹtì ní ilé-iṣẹ́ kò tíì dá owó padà fún òun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbá ìyá arúgbó kiri bíi bọ́ọ̀lù.

Mo wá kọ ìwé kan ṣoṣo sí àwọn méjèèjì pọ̀, kí ẹnìkíní lè rí ohun tí mo kọ sí ẹnìkejì. Mo béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ pé ọjọ́ wo ni wọ́n dá owó padà fún àjẹ́ǹtì. Mo béèrè lọ́wọ́ àjẹ́ǹtì pé ọjọ́ wo ni ó béèrè owó náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni àṣírí tú: àjẹ́ǹtì kò tíì béèrè rárá, ilé-iṣẹ́ sì ń retí kí ó béèrè. Kò sí ẹni tí ó tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ó béèrè, owó náà wọlé ní oṣù kẹsàn-án, àfi owó iṣẹ́ díẹ̀ tí àjẹ́ǹtì yọ, tí ó sì wà nínú rìsíìtì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá fi ra èlùbọ́ sílẹ̀ de ọdún. Ó rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fóònù ná.

Bàbá kan ní ọ̀nà kejì sí wa gba fáúṣà ní tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ gba oyè ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Físà tí bàbá gbà jẹ́ ti oṣù 6. Kí bàálù tó tún máa fò, físà ti kú. Ọjọ́ oyè ti kọjá, orí ẹ̀rọ ni wọ́n sì ti ṣe é. Fáúṣà wà lọ́wọ́ bàbá, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò tí ó fẹ́ fi rìn kò sí mọ́. Títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé, kò lò ó.

ÌDÚRÓ PẸ́ A MÁA KÓ BÁ NI

Ẹ wo ọ̀ràn Mẹ́kà, tí ó jọ eléyìí. Ní ọdún 2020, ìjọba Saudi Arabia kò gba àlejò kankan fún Hájì. Àjọ NAHCON ní Nàìjíríà jẹ́ kí àwọn tí ó ti sanwó yàn: kí wọ́n gba owó wọn, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ de ọdún tí ń bọ̀. Ní ọdún 2021, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Àwọn tí ń gbé ilẹ̀ Saudi nìkan ni wọ́n gbà, 60,000 ènìyàn. Ní ọdún 2022 tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65 kò gbọ́dọ̀ wá. Arúgbó tí ó fi owó rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrètí ọdún tí ń bọ̀ rí i pé ọjọ́ orí ti sé òun mọ́ta.

Náírà náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Kòrónà wọlé, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi 360 náírà ní ìṣirò ìjọba. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti ju 1,400 lọ. Owó 300,000 náírà tí ó tó 830 dọ́là nígbà náà kò tó 220 dọ́là mọ́. Ẹni tí ó bá di owó wa mú fún ọdún mẹ́ta, bí ó tilẹ̀ san gbogbo rẹ̀ láìyọ kọ́bọ̀, kò san án tán.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè kú. Flybe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wó ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2020. Bí ilé-iṣẹ́ bá wó, ẹni tí fáúṣà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yóò tò sẹ́yìn àwọn olówó mìíràn tí ó jẹ ní gbèsè, ohun tí ó sì máa ń kù fún ẹni ẹ̀yìn kì í tó nǹkan.

TA NI Ó FAGI LÉ E?

Gbogbo ẹ̀tọ́ tí mo ti ń sọ yìí dúró lórí ìbéèrè kan: ta ni ó fagi lé ìrìn-àjò? Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, owó ni tiyín. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin, ohun tí a kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì ni a ó tẹ̀lé, tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kì í sì í sábà ní owó ìdápadà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ìbẹ̀rù pa ẹjọ́ ara wọn ní ọdún 2020: wọ́n sáré fagi lé e ní ọ̀sẹ̀ kan kí ilé-iṣẹ́ tó fagi lé e. Ẹni tí ó dúró gba owó. Ẹni tí ó sáré gba fáúṣà.

Ti àwọn tí bàálù wọn fò ṣùgbọ́n tí òfin kónílé-ó-gbélé kò jẹ́ kí wọ́n jáde ṣòro jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ CMA gbé ọ̀rọ̀ náà ko British Airways àti Ryanair lójú ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ní oṣù kẹwàá wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n ní òfin kò là á yéni tó. Nítorí náà, ẹ má fagi lé ohunkóhun kí ẹ tó mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ ṣe.

ÌMỌ̀RÀN

Èkíní: ẹ má tẹ àpótí fáúṣà, ẹ má sì buwọ́ lu nǹkan kan, títí ẹ ó fi ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀.

Èkejì: ẹ tọ́jú rìsíìtì, ìwé tí wọ́n fi sọ pé bàálù kò lọ, àti gbogbo lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ orí fóònù a máa fò lọ. Ohun tí a kọ ni ó ń jẹ́rìí.

Ẹ̀kẹta: ẹni tí ẹ san owó fún ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Bí ó bá jẹ́ àjẹ́ǹtì, ẹ kọ̀wé sí òun àti ilé-iṣẹ́ pọ̀.

Ẹ̀kẹrin: bí ọmọ yín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá fi káàdì ìyáwó báǹkì san án fún ilé-iṣẹ́ náà tààrà, tí owó náà sì ju 100 pọ́n-ùn lọ tí kò kọjá 30,000, òfin ọdún 1974 kan ní apá 75 mú báǹkì náà ní onígbọ̀wọ́. Ẹni tí ó fi káàdì lásán san án lè ní kí báǹkì gba owó náà padà, ṣùgbọ́n kí ó yára, nítorí ọjọ́ 120 ni ó sábà máa ń jẹ́ gbèdéke.

Ẹ̀karùn-ún: bí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí wọ́n dákẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ NCAA tàbí FCCPC níhìn-ín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ kéékèèké wà, òfin ibẹ̀ sì fún ni ní ọdún 6 láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà yín. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Irú èyí ti tó, kí ọmọ yín kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì:

"Ẹ̀yin ni ẹ fagi lé bàálù mi tí ó yẹ kí ó gbéra ní ọjọ́ báyìí. Èmi kò fagi lé e. N kò gba fáúṣà, n kò sì buwọ́ lù ú. Mo ń béèrè gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì mi sí inú àkáǹtì tí mo fi san án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí owó náà yóò wọlé ránṣẹ́ sí mi."

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kòrónà ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́dọọdún, kùrukùru a sì máa dá bàálù dúró ní Ìkẹjà, ní Àbújá àti ní Kánò. Bí wọ́n bá fagi lé ti yín, tí wọ́n sì na ìwé kan sí yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè owó yín kí ẹ tó na ọwọ́ gbà á.